Olówó fẹ́ ta ìlú lọ́rẹ, ó sì fi májẹ̀mú tì í: ṣé àánú ni àbí òwò?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ìlú (agbègbè Ìjerò)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa ní agbègbè Ìjerò. N kò ní dárúkọ ìlú náà nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nílẹ̀. Ọmọ ìlú wa kan tí Ọlọ́run bù kún ní Àbújá kọ̀wé sí wa ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé òun fẹ́ ta ìlú lọ́rẹ. Nǹkan mẹ́ta ló kà sílẹ̀: àpò ìrẹsì kékeré kọ̀ọ̀kan fún ọgọ́ta opó, owó ìdánwò WAEC fún ogún ọmọ, àti kànga ẹ̀rọ tó ń lo sólà síwájú ilé ìwòsàn kékeré wa. Inú wa dùn púpọ̀. Ìgbà tí a ṣí ojú ìwé kejì ni ọkàn wa kò balẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ kí àwọn opó náà wọ ẹ̀wù tí a tẹ àwòrán òun sí, kí wọ́n tò síwájú ààfin, kí oníkámẹ́rà sì máa yà wọ́n bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ gba ìrẹsì. Ó fẹ́ kí orúkọ òun wà lára táńkì omi ní lẹ́tà ńlá tí ẹni tó wà lójú títì yóò lè kà. Ó tún béèrè bóyá Kábíyèsí lè fi òun joyè lọ́jọ́ náà. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó fẹ́ du ipò, ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ kò sì ju oṣù méjì lọ mọ́.

Ìgbìmọ̀ wa pín sí méjì. Akápò ní omi ni kí a wò, kí a má wo ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ìyálóde ní bí òun bá ṣì wà láàyè, opó kankan kò ní kúnlẹ̀ fún kámẹ́rà. Ọjọ́ Sátidé ni a gbọ́dọ̀ fèsì. Kí ni a fi ń mọ ìtọrẹ àánú yàtọ̀ sí èyí tí ẹni tó ṣe é ṣe fún ara rẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó ti rí irú rẹ̀ rí ni mo fẹ́ kó bá mi sọ̀rọ̀.

Oníṣòwò Ọ̀mùò

Akọ̀wé, ẹ gbà á. Inú ọjà ni mo wà láti àárọ̀ di alẹ́, n kò tíì rí ẹni tó wo ọkàn ẹni tó fún un lówó kí ó tó fi ra gààrí. Ọdún mélòó ni ẹ ti fi ń kọ̀wé sí ìjọba nítorí omi? Aboyún tó bá dé ilé ìwòsàn yín lóru kò ní béèrè bóyá nítorí Ọlọ́run ni wọ́n gbẹ́ kànga náà tàbí nítorí ìbò. Ẹ jẹ́ kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i, kí ó kọ ti bàbá rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá ń dúró de ẹni tí inú rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, òùngbẹ ni yóò pa yín.

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì (Ìkẹ́rẹ́)

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ oníṣòwò ti wá, ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Àwa tí a wà ní Èkìtì ní ọdún 2014 kò tíì gbàgbé bí ìrẹsì àti adìyẹ ṣe di ọ̀rọ̀ ìṣèlú láàárín wa, tí wọ́n ń pe ìtọ́jú ikùn ní iṣẹ́ ìlú. Nígbà tí ó fi máa di ìdìbò gómìnà ọdún 2018, gbólóhùn kan ti dé ẹnu tọmọdé tàgbà: dìbò kóo sebẹ̀. Ẹni tó bá jẹ irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́rin gbáko ni yóò fi san owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ sí ìtọrẹ fún yín. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, iyàrá ìkàwé kò tó, àwọn ará ìlú ni wọ́n sì kọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Bàbá mi kì í ṣe olówó, oko kòkó kékeré kan ló ní. Ó dá owó, ó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ po amọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà. Èmi fúnra mi jókòó kàwé nínú iyàrá náà láìmọ̀ pé ó wà lára àwọn tó kọ́ ọ, àfi lẹ́yìn ikú rẹ̀ tí mo rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìdáwó àtijọ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti san án tán. Kò sí ògiri kankan tó gbé orúkọ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Ẹni tó fẹ́ kí opó gbé àwòrán òun sáyà kò lóṣòó ti oore rẹ̀ nìkan, ó jókòó lé e lórí. Ẹ dá a padà.

Nọ́ọ̀sì Ìdó

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dá a padà, ẹ má sì tíì gbà á. Ta ló ti bi àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà léèrè ohun tí wọ́n nílò?

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ẹnì kan kó páálí oògùn méjìdínlógún wá ta wá lọ́rẹ pẹ̀lú onílù àti oníkámẹ́rà. Nígbà tí èrò túká, èmi àti ẹnìkejì mi jókòó sílẹ̀ láti tò ó. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ọjọ́ lílò rẹ̀ yóò parí kí oṣù méjì tó pé. Òmíràn wà tí èdè tí wọ́n kọ sí i lára kò yé ẹnikẹ́ni nínú wa. Páálí mẹ́rin odindi jẹ́ oògùn tí a ti ní lọ́pọ̀, bẹ́ẹ̀ ìbọ̀wọ́ àti oògùn ibà ni a ń wá lójú méjèèjì. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe lórí ìtọrẹ oògùn, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1996, fi ohun tí ẹni tí a ń fún nílò ṣíwájú ohun gbogbo, ó sì ní oògùn tó bá ti òkè òkun wá gbọ́dọ̀ ṣì ní ó kéré tán ọdún kan lára nígbà tó bá gúnlẹ̀. Ẹni tó kó tiwa wá ti gba ìyìn lọ. Àwa la wá owó tí a fi sun oògùn náà bí ó ti yẹ.

Èmi kò mọ bí a ṣe ń wo inú ọkàn ènìyàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tí kò béèrè ohun tí a nílò kí ó tó fún wa, ara rẹ̀ ló ń fún.

Ìyá Ìbejì (Ẹ̀fọ̀n)

N kì í sábà kọ nǹkan síbí, kíkà ni mo máa ń kà. Ọdún kẹrin rèé tí bàbá àwọn ọmọ mi ti di olóògbé. Ní ọdún tó tẹ̀lé ikú rẹ̀, wọ́n pe àwa opó sí gbọ̀ngàn ìlú pé kí a wá gba ìrẹsì. Aago mẹ́jọ ni wọ́n ní kí a dé. Aago kan ti kọjá kí ẹni tó fẹ́ pín in tó yọjú. Kóńgò méjì ni, ojú rẹ̀ sì wà lára ọ̀rá tí wọ́n dì í sí. Nígbà tó kàn mí, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo dúpẹ́, mo ń lọ. Oníkámẹ́rà ní kí n padà wá, pé ojú mi kò hàn, kí n sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo padà, mo rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ márùn-ún ni a fi jẹ ìrẹsì náà. Àwòrán náà ṣì wà lórí Facebook títí di àárọ̀ òní. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní ilé ìwé gíga ló kọ́kọ́ rí i, nígbà tí ẹnì kan fi hàn án lórí fóònù. Kò sọ fún mi. Ìkejì rẹ̀ ló sọ fún mi pé ó sunkún.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi, ẹ má sọ pé kí wọ́n dá ìrẹsì padà. Ní ọjọ́ tí mo gba ti ọjọ́ náà, kò sí nǹkan kan nínú ilé. Bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá tún dé, n óò tún lọ tò. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ènìyàn lè fúnni kí ó má sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni. Alátà kan wà nínú ọjà wa tó san owó ìsọ̀ mi fún oṣù mẹ́fà. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ibi tí mo ti rówó, kí n sọ pé àjọ ni mo kó. Ohun tí mo sì ń sọ títí di òní nìyẹn, ibí yìí ni mo ti kọ́kọ́ sọ ọ́ bí ó ṣe rí.

Ọmọ Ọ̀yẹ́ Lókè Òkun

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ojú tì mí bí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, nítorí pé èmi náà ti béèrè fún fọ́tò rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwa mẹ́rìnlá dá owó jọ láti fi tún òrùlé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ṣe, a sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má dárúkọ wa. Nígbà tí ọ̀kan nínú wa wálé ọdún Kérésìmesì, páànù àtijọ́ tó ti dípẹtà náà ló bá lórí ilé ìwé. Ọ̀gá ilé ìwé kò tilẹ̀ gbọ́ pé owó kankan dé. Láti ìgbà náà ni mo ti ń béèrè fún fọ́tò, orúkọ, fídíò, gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe ìyìn ni mo ń wá kiri.

Olùkọ́ wa, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ gbóríyìn fún bàbá yín pé orúkọ wọn kò sí lára ògiri. Ṣùgbọ́n orúkọ wọn wà nínú ìwé ìdáwó. Ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n san án tán, ìdí nìyẹn tí ilé ìwé náà fi dúró. Ìfúnni tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ sí rọrùn fún olè láti gbé mì.

Oníṣirò Owó (Adó)

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ Ọmọ Ọ̀yẹ́ nípa olè, ṣùgbọ́n ó da nǹkan méjì pọ̀. Risíìtì páànù, orúkọ káfíńtà tó kàn án, fọ́tò òrùlé ṣáájú iṣẹ́ àti lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ̀rí ni gbogbo ìwọ̀nyí. Ojú ìyá tó ń gba ìrẹsì kò jẹ́rìí sí kọ́bọ̀ kan, nítorí pé kò fi iye tí wọ́n ná hàn, kò sì fi ẹni tó ná an hàn.

Akọ̀wé, ṣé ẹgbẹ́ yín ní ìwé CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀? Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020, ní Apá F, ló gba irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ láàyè láti forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn alámòójútó, ó sì ka á léèwọ̀ pé kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pín owó náà láàárín ara wọn bí èrè. Bí ẹ bá ní in, ẹ jẹ́ kí owó kànga náà wọ inú àkáǹtì ẹgbẹ́, kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó gbà á jáde. Olùtọrẹ tó bá kọ̀ láti fi owó sí ibi tí a ti lè ṣírò rẹ̀, tó jẹ́ pé òun nìkan ni yóò gbé iṣẹ́ fún ẹni tó bá wù ú, kí ẹ fura sí i ju ẹni tó fẹ́ kọ orúkọ sára táńkì lọ.

N kò gbà pé èrè díẹ̀ tí olùtọrẹ bá jẹ níbẹ̀ ti sọ oore náà di ẹ̀tàn. Ó ti pẹ́ tí òfin owó-orí ti ń gba ilé-iṣẹ́ láàyè láti yọ ẹ̀bùn tí wọ́n fún àwọn àjọ kan kúrò nínú èrè wọn kí a tó bu owó-orí lé e, bí kò bá ti ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìjọba fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ènìyàn máa ń fẹ́ ìwúrí.

Agbẹjọ́rò Èkìtì

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí òfin, kí àṣìgbọ́ má baà wà. Abala 121 nínú Òfin Ìdìbò ọdún 2022 sọ pé ẹni tó bá fún olùdìbò ní owó tàbí ẹ̀bùn nítorí kí ó lè dìbò tàbí kí ó má dìbò jẹ̀bi àbẹ̀tẹ́lẹ̀, olùdìbò tó gbà á náà sì lè jẹ̀bi. Nínú òfin ti ọdún 2022 yẹn, ìtanràn rẹ̀ lè tó ₦500,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí méjèèjì. Kànga tí gbogbo ìlú yóò máa pọn kò di àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kìkì nítorí pé olóṣèlú ló gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní kí opó kọ nọ́ńbà káàdì ìdìbò rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó gba ìrẹsì, kí ìgbìmọ̀ yín dìde kúrò níbẹ̀.

Ní ti ogún ọmọ yẹn, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 fún ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀, Ìpínlẹ̀ Èkìtì sì wà lára àwọn tó sọ irú òfin náà di tiwọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tò wọ́n sórí pèpéle pé ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lè san owó ìdánwò nìyí.

Ọmọ Áfáà (Ìkọ̀lé)

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Nínú Àlùkùránì, Súrà kejì, ẹsẹ 264, Ọlọ́run kìlọ̀ pé kí a má fi ìrègún àti ìpalára ba sàárà wa jẹ́, bí ẹni tó ń ná owó kí àwọn ènìyàn lè rí i. Ó fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ wé àpáta tí erùpẹ̀ fẹ́lẹ́ bò: òjò ńlá rọ̀ sórí rẹ̀, ó sì gbá gbogbo erùpẹ̀ náà lọ. Àwa tí a ń gbé láàárín àpáta Èkìtì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ 271 nínú Súrà kan náà ní bí a bá fi sàárà hàn, ó dára. Bí a bá fi pa mọ́ tí a sì fún aláìní, ìyẹn ló dára jù fún wa. Nítorí náà, kí ẹni tó bá ń sọ pé gbogbo ìtọrẹ ojú gbangba ló jẹ́ ṣekárími tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbé yẹ̀ wò. Ìrègún ni ẹsẹ àkọ́kọ́ bá wí. Ẹ bi ara yín léèrè bóyá ọkùnrin yìí yóò lè dákẹ́ ní ọdún tó ń bọ̀, nígbà tí ìlú kò bá ṣe ohun tó fẹ́.

Ọmọ Ìjọ (Ifàkì)

Jésù náà ní kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe, nínú Mátíù orí kẹfà, bẹ́ẹ̀ ni a ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe orúkọ àti iye owó níbi ìkórè. Mo ti yá owó rí láti fi dáwó nítorí pé wọ́n ti pe ẹgbẹ́ mi ṣáájú mi, ó sì gbà mí ní oṣù mẹ́jọ kí n tó san án tán. Kì í ṣe olówó Àbújá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Oníṣẹ́ Kànga (Adó)

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ orúkọ lára táńkì, kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Orí àpáta ni ilẹ̀ Èkìtì jókòó lé. Omi tí a ń wá wà nínú ibi tí àpáta náà ti là àti ibi tó ti jẹrà, kì í ṣe ibi gbogbo ló sì ti là. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò kí a tó gbẹ́ ẹ, ó sì dára kí a gbẹ́ ẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi ti fà sẹ́yìn. Kànga tí wọ́n bá kánjú gbẹ́ ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò ti mu ilẹ̀ yó, lè kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, kí ó sì gbẹ kí oṣù kejì tó dé. Olóṣèlú kì í dúró de ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ ìdìbò ló máa ń wò. Mo wà níbi ayẹyẹ kan rí tí omi inú kànga kò tó fa sókè. Ní òru ọjọ́ tó ṣáájú, ọkọ̀ ajàgbé wá tú omi sínú táńkì. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù, wọ́n ṣí ẹ̀rọ, omi tú jáde, gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́, ìyá àgbà kan sì fi ọwọ́ bù ú, ó fi bọ ojú, ó ń gbàdúrà fún ẹni tó ṣe é. Omi ọjọ́ náà ni ìlú yẹn rí lò níbẹ̀. Ọkàn mi kò tíì fi mí sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé mo dúró níbẹ̀, n kò sì sọ nǹkan kan.

Akọ̀wé, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ ọkùnrin yín. Ta ni yóò yẹ ilẹ̀ wò, ṣé a ó sì rí ìwé àyẹ̀wò náà? Ṣé ó lè dúró di ẹ̀ẹ̀rùn? Bí ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè, èyí tí àwa ń pè ní súmò, bá jóná lẹ́yìn ọdún kan, ta ni yóò rà á? Bí ó bá fi owó àtúnṣe ọdún méjì sínú àkáǹtì yín, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà tó bá wù ú, ojú mi kò ní pọ́n.

Oníṣòwò Ọ̀mùò

Oníṣẹ́ Kànga, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. N kò mọ̀ pé wọ́n ń tú omi sínú táńkì. Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì náà kò jẹ́ kí n sùn dáadáa, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, n kò tíì yí padà pé kí wọ́n dá a padà. Kí wọ́n dúnàádúrà. Ohun tí a ń ṣe lọ́jà nìyẹn: a kì í sá fún ẹni tó dá iye tí kò tọ́, a máa ń sọ iye tiwa.

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì (Ìkẹ́rẹ́)

Ọmọ Ọ̀yẹ́ bá mi wí lórí ìwé ìdáwó bàbá mi, ó sì tọ́. Mo yí ọ̀rọ̀ mi padà lórí orúkọ. N kò yí i padà lórí ẹ̀wù àti lórí oyè. Oyè kì í ṣe ohun tí a ń fi sínú ìwé májẹ̀mú.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ìlú (agbègbè Ìjerò)

Ẹ ṣeun o, ẹ kú làálàá. Mo tẹ ọ̀rọ̀ yín sórí ìwé, mo kà á fún ìgbìmọ̀ ní ọjọ́bọ̀, a sì fi èsì ránṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé. A ní a fẹ́ kànga náà, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ wò, kí a gbẹ́ ẹ ní oṣù kejì, kí owó rẹ̀ àti owó àtúnṣe gba àkáǹtì ẹgbẹ́. A gba orúkọ rẹ̀ lára táńkì. A ní kí ó san owó WAEC tààrà fún ilé ìwé, a ó sì fún un ní risíìtì láìsí orúkọ ọmọ kankan lójú gbangba. Lórí oyè, Kábíyèsí ní ẹnikẹ́ni kì í béèrè oyè lọ́wọ́ òun nínú lẹ́tà, kí ó wálé lẹ́yìn ìdìbò, kí wọ́n jọ jókòó.

Ó pè mí ní alẹ́ àná. Inú rẹ̀ kò dùn sí ti oyè. Ó gbà lórí WAEC, ó sì ti fi owó náà ránṣẹ́. Ó ní òun yóò ronú lórí kànga, nítorí pé oṣù kejì ti pẹ́ jù fún òun. Lórí ìrẹsì, ó ní bí kò bá ní sí ẹ̀wù àti fọ́tò, òun kò rí ìdí tí òun yóò fi kó o wá.

Ìyálóde ti bẹ̀rẹ̀ ìdáwó ìrẹsì láàárín àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ọjà, Akápò ló sì kọ́kọ́ dá owó. Àpò mọ́kànlá ló ti wà nílẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ yìí. Ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn opó náà sí wà lábẹ́ ìrọ̀rí Ìyálóde. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé béèrè fún ẹ̀dà kan láti fi sínú fáìlì, wọ́n ní iye àpò tó wọlé ni kí n kọ sílẹ̀, pé ti orúkọ kò kàn mí.